Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, agbo-ilé, ilé onípásééjì tàbí self-contain: èwo ló yẹ kí ẹ gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹni tó bá ń wá ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ọ̀nà mẹ́rin ni ajẹ́ńtì tàbí ojúlùmọ̀ máa fi hàn án. Bó bá ní òun fẹ́ sún mọ́ ọjà àti ààfin, wọ́n á mú un lọ wo yàrá nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan láàárín ìlú. Bó bá jẹ́ ọmọ bíbí ìlú, wọ́n á bi í pé kí ló dé tí kò lọ gba yàrá ní agbo-ilé bàbá rẹ̀. Bí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó nǹkan, ilé onípásééjì tí yàrá kojú sí yàrá ló kàn. Bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú yìí, tàbí òṣìṣẹ́ tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni du ilé ìwẹ̀, Under G, Adéníkẹ̀ẹ́ àti àwọn àdúgbò tuntun ni wọ́n á darí rẹ̀ sí, kó lọ gba self-contain, ìyẹn yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ àti kíṣíìnì tirẹ̀.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ló mú mi kọ èyí. Àwọn kan kì í tilẹ̀ gun àtẹ̀gùn rẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé ilé alámọ̀ ni, àwọn ò gbé. Àwọn mìíràn rí òpó olódòdó àti fèrèsé onígi, ojú wọn wọ̀ ọ́, wọ́n sanwó láì béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè, wọ́n sì bínú kúrò kí ọdún tó yí po. Mo fẹ́ràn àwọn ilé yìí gan-an, mo sì fẹ́ kí èèyàn máa gbé inú wọn, torí ilé tí èèyàn ò gbé kì í pẹ́ wó. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kọ́ ni a fi ń san owó ilé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbé wọn sórí ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Owó ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Kì í ṣe owó ilé nìkan ni kí ẹ kà. Ẹ ka gbogbo ohun tó máa jáde lápò yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́: owó ọdún kan tàbí méjì, kọmíṣọ̀n ajẹ́ńtì, owó ìwé àdéhùn, àti owó tí onílé ń dì mú de ohun tí ẹ bá bà jẹ́. Ajẹ́ńtì sábà máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, wọ́n á sì tún gba bẹ́ẹ̀ fún ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó tí ilé máa ń gbà díẹ̀díẹ̀: omi rírà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àtúnṣe waya, owó ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ilé tí owó rẹ̀ kéré lókè odò lè wọ́n ju èyí tó wà nítòsí ọjà lọ, bí ẹ bá ṣírò owó ọkọ̀ ọdún kan mọ́ ọn.

Èkejì ni ìdúróṣinṣin, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Ṣé ògiri àti òrùlé á dúró? Ṣé àdéhùn yín náà á dúró? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn máa ń bi. Èyí èkejì ló sì máa ń lé ayálégbé jáde jù: ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín, ṣé òun ló ní àṣẹ láti gbà á?

Ẹ̀kẹta, omi, iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Orí àpáta ni ìlú yìí jókòó sí, omi kànga tí kò jìn máa ń lọ sílẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Kànga tí ẹ rí tó kún lóṣù Kẹsàn-án, ẹ béèrè bó ṣe rí lóṣù Kẹta. Ẹ̀kẹrin ni ìbágbé, ìyẹn ìwọ̀n tí ara yín lè gba ti ariwo, ọmọdé, èéfín àti ìkíni. Àwọn kan ò lè sùn bí wọn ò bá gbóhùn èèyàn. Àwọn kan ò lè sùn bí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ láàárín ìlú

Kí irú ilé yìí tó dé, agbo-ilé ni gbogbo ìlú Yorùbá: yàrá tò yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú wọn, ẹnu-ọ̀nà ńlá kan sì jáde síta. Àwọn Àgùdà ló gbé àrà mìíràn dé, ìyẹn àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn padà sí Èkó ní ọ̀rúndún 19. Bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀ nínú wọn. Wọ́n mú àgbàlá kúrò láàárín ilé, wọ́n fi pásééjì rọ́pò rẹ̀, yàrá bọ́ sí ọ̀tún àti òsì, àtẹ̀gùn gun òkè, fèrèsé tí orí rẹ̀ ṣe roboto kọjú sí títì, òpó sì ní òdòdó sìmẹ́ńtì lára. Nígbà tó di ọ̀rúndún 20, owó kòkó àti owó òwò ti gbé àrà náà kúrò ní Èkó dé Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Iléṣà àti Ọ̀ṣogbo, ó sì gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe kòkó ló kọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Ìrìn àjò ló kọ́ wọn. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣòwò dé Jos, Kánò àti gbogbo òkè ọya, wọ́n sì kọjá sí Gold Coast, ilẹ̀ tó di Gánà, níbi tí ọjà Tamale ti mọ̀ wọ́n dáadáa. Ọba Jimoh Oyèwùmí, Ajagungbádé III, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1973 títí di 2021, Jos lòun náà ti ṣòwò kó tó di Ṣọ̀ún, ìyẹn ọba Ògbómọ̀ṣọ́. Oníṣòwò tó wà lájò lè má sùn nínú ilé tó kọ́ sílé ju ìgbà Iléyá tàbí Kérésì lọ. Síbẹ̀ ó kọ́ ọ, torí ẹni tó lọ sájò tí kò nílé nílé, kò tíì lọ síbì kan lójú àwọn ará ilé rẹ̀.

Àǹfààní ìyẹn hàn ní 1969. Ọdún líle ni fún ìlú yìí. Lóṣù Keje ni rògbòdìyàn owó orí wọ ààfin, tí wọ́n sì pa Ṣọ̀ún tó wà lórí ìtẹ́. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé rí ibi kó ẹrù sí. Bí ẹ bá rí yàrá tó pọ̀ ju ohun tí ẹbí kan nílò lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n kọ́ ọ dè.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ara ilé náà. Ọ̀pọ̀ wọn, amọ̀ ni ògiri wọn lábẹ́ sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ. Amọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gún, tí wọ́n mọ ní ipele kan, tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri náà máa ń nípọn, ìnípọn yẹn ló sì jẹ́ ẹwà rẹ̀ fún ẹni tó ń gbé inú rẹ̀: oòrùn ọ̀sán á pẹ́ kó tó wọlé, nígbà tó bá fi máa wọlé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹni tó bá ti gbé yàrá ìsàlẹ̀ ní oṣù Kẹta mọ ohun tí mò ń sọ. Yàrá òkè yàtọ̀. Bí kò bá sí àjà lábẹ́ páànù, ooru á sọ̀kalẹ̀ bá yín tààrà, ariwo òjò ò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín. Ṣùgbọ́n òkè ló ni atẹ́gùn, òkè ló sì ni bákónì tí ẹ ó ti máa rí gbogbo títì, tí ìlù ọdún Egúngún á gba abẹ́ yín kọjá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń pa ògiri amọ̀, omi ni. Bí òrùlé ò bá jò, tí ẹsẹ̀ ògiri sì gbẹ, ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ ló máa gbé inú ilé náà. Bí omi bá rọ́nà, ó parí. Nítorí náà, ìgbà òjò ni kí ẹ lọ wo ilé, kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ògiri lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kùn ní ọ̀dà. Bí omi etí òrùlé bá ti jẹ ẹ́ wọnú, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe. Ẹ fi ìka kan ògiri lù. Bó bá dún bí ohun tó ṣófo, sìmẹ́ńtì ti bọ́ lára amọ̀ nínú: omi gba ojú sísán wọlé, sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kó jáde, amọ̀ sì rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ìdí nìyí tí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ mọ́ ògiri amọ̀ kò fi ń fọkàn mi balẹ̀. Àwọn bíríkìlà àgbà tó ṣì ń fi amọ̀ tún amọ̀ ṣe mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, kí ẹ wo àwọn igi ńlá tó gbé pákó òkè dúró. Ipa ikán á hàn bí ìlà yẹ̀pẹ̀ tó gun ògiri lọ bá igi. Ẹ fi ọ̀bẹ kékeré gún orí igi níbi tó ti wọ ògiri, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń jẹrà. Sísán tó tín-ín-rín lára ògiri kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè, tí ìka yín sì wọ inú rẹ̀, ẹ yí padà, bí owó rẹ̀ ti wù kó kéré tó. Táńkì omi kò gbọdọ̀ wà lórí bákónì. Waya iná àtijọ́ tí wọ́n so káàkiri lórí pákó, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé fìríìjì wọlé. Bó bá sì jẹ́ pé orí pákó òkè ni àwọn ayálégbé yòókù ti ń dáná sítóòfù, ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ tàbí kí ẹ wá ibòmíràn.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn ilé. Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, àtẹ̀gùn pákó náà lóru kò dára rárá.

Mo wá dé orí ohun tí mo kà sí pàtàkì jù, ìyẹn ẹbí tó ni ilé. Ẹni tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́. Nínú àṣà wa, ilé tó fi sílẹ̀ láì kọ ìwé ìhágún di ti gbogbo ọmọ rẹ̀, bí wọ́n bá sì pín in, ìdí-igi ni àṣà máa ń tẹ̀ lé: iye ìyàwó tó bímọ ni iye ìpín, kì í ṣe iye ọmọ. Ẹjọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti ìdílé Dáwódù ní Èkó, gbéra láti ilé ẹjọ́ wa dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé náà fi sílẹ̀. Ní 1962, wọ́n dájọ́ pé ìdí-igi ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àti pé orí-ò-j'orí, ìyẹn kí wọ́n pín in lórí ọmọ, wà fún ìgbà tí ìjà bá wà, bí olórí ẹbí bá rí i pé ó tọ́.

Báwo lèyí ṣe kan ayálégbé? Bó bá jẹ́ ìdí-igi mẹ́ta ló ni ilé, ẹni mẹ́ta ló lè wá gba owó yín. Mo ti rí ilé tí ọmọ ìyàwó kan ti gba owó ọdún méjì, tí ti ìyàwó kejì dé láti ìlú òkèèrè, tó sì ní òun ò mọ ayálégbé kankan. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ béèrè ta ni olórí ẹbí, ẹ lọ kí i nílé rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé orúkọ rẹ̀ àti ti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan wà lórí ìwé àdéhùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ rí olórí ẹbí, kò láṣẹ.

Àmì kan wà tí ẹ lè fi mọ bí ẹbí ṣe rí kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ dúró lókèèrè kí ẹ wo páànù. Bó bá jẹ́ páànù tuntun lápá kan, tí apá kejì dípẹtà, oníkálukú ló ń tún tirẹ̀ ṣe nínú ilé yẹn. Òjò ò sì mọ ibi tí ìdí-igi kan parí sí. Ibi ìsopọ̀ páànù tuntun àti ti àtijọ́ gan-an ni omi á máa gbà, ẹ ò sì ní rí ẹni tó máa gbà pé tòun ni. Ilé tí gbogbo òrùlé rẹ̀ bá dípẹtà bákan náà, ó lè jẹ́ pé owó ni wọn ò ní. Ìyẹn sàn díẹ̀. Ilé tí òrùlé rẹ̀ bá wà ní ìṣọ̀kan, tí gọ́tà rẹ̀ mọ́, ẹ yára wọ ibẹ̀ lọ.

Ní ti owó, yàrá nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sábà máa ń dínkù sí self-contain lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì sí ajẹ́ńtì láàárín. Àtúnṣe ló máa gba owó yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí ẹ bá ná sórí òrùlé, àjà tàbí waya máa yọ kúrò nínú owó ilé, kí ẹ sì máa fi rìsíìtì pa mọ́.

Agbo-ilé

Èyí wà fún ọmọ onílé, ìyàwó ilé àti ẹni tí ẹbí bá gbà mọ́ra. Ìtàn rẹ̀ jìn ju ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Nígbà ogun ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ ìlú tó wà nítòsí tú, àwọn èèyàn wọn sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ torí ogun Ìlọrin kò kó o. Ìdí nìyí tí agbo-ilé méjì tó fara kanra fi lè ní oríkì àti orírun tó yàtọ̀ pátápátá.

Owó ilé kò sí, ṣùgbọ́n owó wà: ti ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, ti òrùlé, ti iná. Ẹni tí kò bá dá a, yàrá rẹ̀ kò ní bọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní wúwo mọ́ nínú ìpàdé. Ìdúróṣinṣin rẹ̀ kò láfiwé, torí kò sẹ́ni tó lè fún ọmọ ilé ní ìwé pé kó kó jáde. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ẹ̀tọ́ àtigbé ni ẹ ní, ẹ ò ní in láti tà. Bí ẹ bá lo owó yín láti mọ yàrá tuntun sórí ilẹ̀ ẹbí, ti ẹbí ni yàrá náà ń jẹ́. Mo mọ àwọn tó ti ìlú òyìnbó fi owó ránṣẹ́ kọ́ ilé tó rẹwà sínú agbo-ilé, tí wọ́n sì rò pé àwọn lè fi gba owó ní báńkì.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn obìnrin, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láì fi epo pa á. Nínú àṣà, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń jogún. Bí ẹ bá ń gbé agbo-ilé ọkọ, tí ẹ jọ ń ná owó sórí yàrá, ẹ jẹ́ kí ọkọ kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara rẹ̀ dá. Kì í ṣe pé a fẹ́ kó kú. Opó tí kò bímọ fún olóògbé ni ìyà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Ìbágbé tó wà níbẹ̀ le fún ẹni tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́. Gbogbo ayé ló máa mọ ìgbà tí ẹ wọlé àti ohun tí ẹ sè. Fún ọmọ kékeré àti àgbàlagbà, kò sí ibi tó dáàbò bò wọ́n tó o. Ọmọ á ṣubú, ẹni márùn-ún á sáré síta.

Ilé onípásééjì

Ọmọ Àgùdà ni ilé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń kí i bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ àtẹ̀gùn àti òdòdó sìmẹ́ńtì kúrò lára pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò amọ̀, pásééjì àti yàrá tó kojú síra wọn ló kù, òun nìyẹn. Owó yàrá rẹ̀ ló sábà máa ń kéré jù láàárín àwọn tí a ń háyà. Onílé sábà máa ń jẹ́ ẹnìkan tó wà láàyè, bóyá tó ń gbé yàrá iwájú, nítorí náà àdéhùn rẹ̀ rọrùn láti mọ̀: ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ ẹni tí ẹ máa bẹ̀ bí owó bá pẹ́.

Ìjà mítà ni àrùn rẹ̀. Mítà kan, yàrá mẹ́jọ, ẹnìkan ń lo áyọ́ọ̀nù, ẹnìkan ní gílóòbù kan ṣoṣo, gbogbo wọn á sì pín owó dọ́gba. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín in kí ẹ tó gbé ẹní wọlé. Èkejì ni iná tó ń jó: sítóòfù, kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì àti gáàsì tí wọ́n tò sí pásééjì tóóró tó jẹ́ ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo. Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ gba yàrá tó sún mọ́ ẹnu-ọ̀nà, kí ẹ sì rí i pé irin fèrèsé rẹ̀ ṣeé ṣí láti inú.

Self-contain àti fúláàtì tuntun

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá LAUTECH sílẹ̀ ní 1990 ni àwọn àdúgbò tó wà nítòsí rẹ̀ ti ń kún, àwọn onílé sì kọ́lé sí ìwọ̀n àpò akẹ́kọ̀ọ́. Yàrá kan, ilé ìwẹ̀ kan, kíṣíìnì tó gba ẹnìkan. Bí ẹ bá wo ìwọ̀n àyè, òun ló wọ́n jù, ajẹ́ńtì rẹ̀ ló pọ̀ jù, owó rẹ̀ sì máa ń gbéra bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ń wọlé. Ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i gbà ní ìrọ̀rùn díẹ̀ nígbà ìsinmi gígùn.

Mítà tiyín, kọ́kọ́rọ́ tiyín, kò sẹ́ni tó máa bi yín níbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ìyẹn tó nǹkan, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ san owó ńlá. Àmọ́ ẹ má rò pé tuntun ni alágbára. Búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tó á máa fọ́ bí ẹ bá fi èékánná ha á, ẹ ha á wò. Ògiri rẹ̀ tín-ín-rín, ooru ọ̀sán á bá yín wọlé, fáànù á sì di dandan. Omi bọ́hòòlù wà lóòótọ́, iná ló sì ń fà á gòkè. Ẹ béèrè Band tí waya àdúgbò náà wà, ìyẹn ìpele tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná fi ń pín wákàtí iná. Band A ni wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́ fún, òun náà ló gbówó lórí jù.

Fúláàtì oníyàrá méjì tàbí mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ìlú dára fún ìdílé tó ní ọkọ̀. Fún ẹni tí kò ní, owó ọ̀kadà á jẹ èrè rẹ̀.

Ohun kan wà tó kan gbogbo ẹni tó ń háyà, níbikíbi: bí ẹ bá ń san owó lọ́dọọdún, tí ìwé àdéhùn kò sì sọ ohun mìíràn, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni òfin fún yín kí wọ́n tó ní kí ẹ kó jáde. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun fún yín, ẹ kí i, kí ẹ sì lọ rí lọ́yà.

Ta ló yẹ kó gbé èwo?

Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ wà láàárín ìlú, télọ̀, onífọ́tò, oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ kí èèyàn rí òun: yàrá ìsàlẹ̀ nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni kí ẹ wá. Iwájú rẹ̀ á di ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn rẹ̀ á di ibùsùn, ẹ ò ní san owó ọkọ̀, ògiri rẹ̀ á sì tutù fún iṣẹ́ ọ̀sán. Kí ẹ ti rí olórí ẹbí ṣáájú o.

Nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn Bowen, èyí tí ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907, ọ̀sán lẹ ń sùn. Ẹ má gbé agbo-ilé, ẹ má sì gbé onípásééjì. Self-contain ni tiyín, tàbí yàrá òkè nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ayálégbé rẹ̀ kò pọ̀, bí ẹ bá lè fi àjà sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́: ẹ̀yin méjì, self-contain kan, ẹ pín owó rẹ̀. Bí agbára kò bá gbé e, onípásééjì tó ní onílé nínú sàn ju họ́sítẹ́ẹ̀lì olókìkí tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àárín ìlú jìnnà sí kíláàsì, mi ò ní tàn yín.

Ìdílé ọlọ́mọ kékeré tí owó ń wọlé fún díẹ̀díẹ̀: agbo-ilé, bí ẹ bá ní, kí ẹ tọ́jú owó ilé tí ẹ kò san fún ilẹ̀ tiyín. Bí ẹ kò bá ní, onípásééjì ọlọ́yàrá méjì. Ọmọdé àti bákónì pákó àtijọ́ kò bára mu.

Àwọn àgbà tó ń fẹ̀yìn tì bọ̀ wá sílé, agbo-ilé ló yẹ yín fún ìtọ́jú, kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú yàrá. Àwọn tí ó wà lókè òkun, tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá bàbá wọn ń dípẹtà láàárín ìlú: ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ má fi owó ọ̀dà ránṣẹ́. Ẹ pe aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sórí WhatsApp, ẹ ṣí àpò kan fún òrùlé nìkan, kí orúkọ tó ń buwọ́ lu owó níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ pààrọ̀ gbogbo páànù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbẹ́ gọ́tà yí ẹsẹ̀ ògiri ká. Ẹ wá bíríkìlà tó mọ amọ̀. Lẹ́yìn òjò ọdún kan, bí inú ilé bá gbẹ, ẹ fi ayálégbé sí i, kí owó ilé náà máa wọ àpò òrùlé.